Kí O Tó Mòòkùn, Mofẹ́

Thamesmead,
London.

Mofẹ́olúwa ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tó sọ mí di ìyá,

Nígbà tí o bá ń ka ìwé yìí, wàá ti dé erékùṣù yẹn ní Tansaníà, wàá sì ti tú báàgì rẹ débi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, lábẹ́ gàrí àti ata gígún tí o ní o ò ní gbé. Mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wàá fi wá gàrí náà lọ. Mo kí ọ kú ìrìn àjò, mo kí àwọn tó gbà ọ́ lálejò, mo sì kí gbogbo yín kú ooru ibẹ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, èmi tí mo máa ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù títí tí ìwọ á fi máa bẹ̀ mí pé kí n gé e kúrú. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ohùn sọ èyí, ohùn mi á máa gbọ̀n. O ò ní gbọ́ ohun tí mo ń sọ mọ́, wàá kàn máa bi mí pé ṣé mò ń sunkún ni. Daddy rẹ náà á gba fóònù lọ́wọ́ mi láàárín ọ̀rọ̀, á ní kí n jẹ́ kí ọmọ gbádùn ara rẹ̀. Nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì nínú kíṣìnnì, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ dé ìparí láìsí ẹni tó máa dá mi lẹ́kun.

Ẹ̀rù ń bà mí, Mofẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Òkun ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ kì í ṣe òkun nìkan. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ Sátidé tí mo tẹ̀lé ọ lọ síbi tí ẹ ti ń kọ́ ìmòòkùn ni kò jẹ́ kí ara tù mí láti ìgbà náà.

Ìwọ lo ní kí n wá. O ní tí mo bá fi ojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín, ọkàn mi á balẹ̀. A jọ wọ bọ́ọ̀sì dé Woolwich, mo jókòó lórí àga oníke létí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́, mo gbé kóòtù mi lé itan, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi náà ń ta sí mi nímú. Mo wo bí ẹ ṣe gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tó pọn ọmọ tí wọ́n fi irin ṣe. Mo wo bí ẹ ṣe ki rọ́bà tí ẹ fi ń mí bọ ẹnu, tí ẹ rọra wọlẹ̀ lọ ní apá ibi tó jìn. Mi ò rí yín mọ́. Ibi tí èémí yín ti ń hó jáde lórí omi ni mo tẹjú mọ́, mo sì ń gbàdúrà sínú.

Nígbà tí ẹ jáde, o ṣí gíláàsì ìmòòkùn kúrò lójú, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò pọ̀. Mo ti tọ́jú aláìsàn pẹ́ tó láti mọ ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ imú ọmọ mi ni. Olùkọ́ yín, bàbá òyìnbó onírùngbọ̀n funfun yẹn, sáré lúwẹ̀ẹ́ wá bá ọ. Ó ní òun bi ọ́ léèrè nísàlẹ̀ bóyá nǹkan kan ń ṣe ọ́, o sì fi ìka dá òun lóhùn pé kò sí nǹkan kan. O fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, o rẹ́rìn-ín sí i.

"I'm strong, sir," lo wí.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn kọ́ ló já mi láyà jù. Ohùn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ.

O rántí ohun tí a jọ sọ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí à ń padà bọ̀. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́.

"Bí a ṣe ń wọlẹ̀ ni, Mummy. Mo ní kátà díẹ̀ láti Thursday."

"O ò sì sọ fún bàbá yẹn?"

"Mummy, bàbá àgbà ni. Everybody was waiting for me. I didn't want to be that person."

"Ẹni wo?"

"That person now. Ẹni tó ń dá gbogbo èèyàn dúró."

Mo yíjú sí fèrèsé. O rò pé mò ń bínú, o sì gbé orí lé mi léjìká títí a fi sọ̀kalẹ̀. Mi ò bínú. Mò ń ro ibi tí o ti kọ́ ọ ni.

Nílé wa, tí àgbàlagbà bá ní ṣé kò sí nǹkan, a dúpẹ́ ni ìdáhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ibà bá ń gbọn èèyàn débi pé eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, tí o bá bi í pé báwo ni ara, "I'm strong" ló máa sọ. A kì í pe àìsàn lórúkọ, kó má baà rò pé a ti fún un ní yàrá. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá wá bá mi pé orí ń fọ́ ọ, mo máa ń dá ọ lẹ́nu dúró. Màá ní, "You are not sick. Sọ pé ara mi le." O máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú omi lójú, màá sì wá fún ọ ní oògùn. Ìgbàgbọ́ mi kò yẹ̀, mi ò sì sọ pé kí tìrẹ yẹ̀. Ọlọ́run tí mo ń sìn ti mọ ibi tó ń dùn mí kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá tó bá wà pẹ̀lú rẹ nísàlẹ̀ omi kì í ṣe Ọlọ́run, Mofẹ́. Ohun tí o bá fi ọwọ́ sọ fún un nìkan ló mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí ìwà yìí. Mi ò sọ èyí fún ọ rí, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ọmọdébìnrin ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Àbúrò bàbá mi kan, Àǹtí Ràlíà, ní kí n bá òun lọ sí òdìkejì ọ̀sà, a fẹ́ lọ kí ìbátan wa kan tó bímọ. A kó gàrí, ìrẹsì àti aṣọ ọmọ sínú ọkọ̀, bàbá arúgbó kan ló ń tù wá. Nígbà tí a dé àárín omi, mo rí i pé omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbi tí pákó méjì ti pàdé, lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo rò ó pé bàbá ọlọ́kọ̀ á ti rí i. Mo tún rò ó pé ta ni èmi tí màá sọ fún ẹni tó ti ń tu ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi pé ọkọ̀ rẹ̀ ń jò. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo ká ẹsẹ̀ mi sókè. Mo gbé e lé orí àpò gàrí, mo jókòó bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

Ìgbà tí gàrí mu omi tí àpò bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni Àǹtí Ràlíà tó pariwo. A fi igbá gbọ́n omi, a fi abọ́ gbọ́n ọn, Àǹtí fi gèlè wọn gbọ́n ọn. A gúnlẹ̀, gbogbo wa tutù, gàrí náà ti di ẹ̀bà láìsí iná. Àǹtí bi mí pé ìgbà wo ni mo ti rí i. Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá ọlọ́kọ̀ náà yíjú sí mi. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé mo fẹ́ kí ó kúkú pariwo.

Ó ní, "Ẹ̀yìn mi ni omi yẹn wà. Ìwọ lo kọjú sí i. Ta ló yẹ kó sọ fún mi?"

Mo ti dàgbà báyìí, ó sì ku díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi tán. Olùkọ́ tó ń kó yín wọ omi mọ òkun ju bí o ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó mọ ẹja, ó mọ ìgbì, ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ìgò rẹ kù sí. Ṣùgbọ́n inú etí rẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ìwọ nìkan lo kọjú sí i. Tí o bá sọ fún un pé ó ń dùn ọ́, o ò rí àgbà fín, o ò sì já a ní koro. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí o bá òun ṣe gan-an nìyẹn.

O lè rò pé mo kọ́gbọ́n lọ́jọ́ ọkọ̀ yẹn. Rárá o. Mo gbé ìwà náà wọ bàálù wá sí London. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú, ìyá arúgbó òyìnbó kan wà lábẹ́ ìtọ́jú mi nínú àwọn ilé gogoro àtijọ́ létí adágún omi Southmere, àwọn tí wọ́n ti wó lulẹ̀ báyìí. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kejì mi kò wá, ọ́fíìsì pè mí pé ṣé màá lè dá a ṣe. Ẹ̀yìn ń ro mí láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ní, "Yes, I'm fine." Mo gbé ìyá náà, ẹ̀yìn mi há, àwa méjèèjì sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fi ara mi ṣe tìmùtìmù fún un, nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀ títí tí àwọn onímọ́tò ambulance fi dé, ìyá náà sì ń di ọwọ́ mi mú. Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ó ní kì í ṣe ohun tí òun bi mí nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Màá fún wọn ní nọ́ńbà kí o lè rí wọn dì mú.

Èkíní. Tí etí bá kàn rọra ta ọ́, dúró. Má sọ pé kó dùn ọ́ dáadáa kí o tó sọ. Ìwọ lo kọ́ wa nídìí tábìlì yìí pé tí èèyàn bá ń wọlẹ̀, omi á máa tẹ etí, pé ńṣe lèèyàn máa di imú tí á rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i kí etí lè ṣí. O ní tí kò bá ṣí, kí èèyàn gòkè díẹ̀ kó tún gbìyànjú. O mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹnu rẹ dùn bí o ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Ó wá ku kí o ṣe é nígbà tí àwọn èèyàn bá ń dúró dè ọ́. Jẹ́ kí wọ́n dúró. Wọ́n ti sanwó láti wà nínú omi, inú omi náà ni wọ́n wà.

Èkejì. Kátà àti òkun kò gbọ́dọ̀ pàdé. Tí imú rẹ bá dí, jókòó sétí òkun, kí o máa ka ìwé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ ṣẹ̀rín. Mo sì dúpẹ́ pé o gbà láti rí dókítà kí o tó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹkún mú ọ lọ ni. Ó ní imú rẹ ti jinná. Mo gbà á gbọ́. Ìwọ ni mi ò tíì gbà gbọ́ tán.

Ẹ̀kẹta. Máa mí. O sọ ọ́ pé ohun tó burú jù fún ẹni tó gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ni kó sé èémí nígbà tó ń gòkè bọ̀, pé ó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni mi ò ti gbádùn oúnjẹ. Nítorí mo mọ̀ ọ́, Mofẹ́. Láti kékeré, tí ẹ̀rù bá bà ọ́, ńṣe lo máa ń sé èémí. Tí ààrá bá sán ní Mushin kí a tó kó wá síbí, màá gbé etí lé ẹ̀yìn rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, màá ní, "Mofẹ́, mí." Wàá sì mí. Mi ò ní sí níbẹ̀ láti sọ ọ́ fún ọ. Sọ ọ́ fún ara rẹ. Rọra máa bọ̀ lókè, má sáré, kí o sì máa mí.

Ẹ̀kẹrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera. Má fọwọ́ kan nǹkan inú òkun wọn. O ní ìjọba ibẹ̀ ti dáàbò bo àgbègbè òkun náà, pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pẹja níbẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí àwọn ohun abẹ̀mí tí èèyàn kì í rí níbòmíràn fi kún ibẹ̀. O fi àwòrán ẹja tó ń fi lẹ́bẹ́ rìn nílẹ̀ bí ẹni tí bàtà há hàn mí. O fi ìgbín òkun tí kò ní ìkarahun hàn mí, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ ìkómọ. O fi ẹja kékeré tó ní orí ẹṣin hàn wá, o ní akọ rẹ̀ ló ń lóyún tó sì ń bímọ. Daddy rẹ wò ó títí, ó ní òun ò fẹ́ kí n rí irú nǹkan báyẹn mọ́. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà débi pé ẹ̀rù kúrò lára mi fún ìgbà díẹ̀.

Mo sì ní kí o mú iyùn bọ̀ fún mi, àbí? O ṣàlàyé fún mi pé iyùn tí mo mọ̀ lọ́rùn ìyàwó, ohun ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ irú rẹ̀ lábẹ́ omi, pé ọ̀kan tó tó ìka ọwọ́ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà débẹ̀, pé èyí tó ti kú pàápàá, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣà á. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Má mú nǹkan kan bọ̀ fún mi, àní ìkarahun. Sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé tí wàá máa kó wọ omi náà pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí yìí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí o kúrò ní ọ́fíìsì rẹ ní Woolwich, mo ní orí rẹ ti dàrú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa mú ọmọ ọlọ́mọ wo ohun tí Ọlọ́run tọ́jú sábẹ́ omi, kí ó sì jẹ́ ibi tí omi ò jìn tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ gidi ni. Kí o kàn ti kọ́ ọ dáadáa kí o tó máa kọ́ ẹlòmíràn.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo kà dé mọ́. Fèrè tí Daddy rẹ rà fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Nathan Way, lẹ́bàá ibi iṣẹ́ rẹ̀, so ó mọ́ aṣọ ìmòòkùn rẹ. Ó ní tí o bá gòkè tí o ò rí ọkọ̀, kí o fọn ọ́n. Ó fọn ọ́n fún mi nínú yàrá títí aládùúgbò fi kan ògiri. Máa mu omi tó mọ́. Fi ìpara sára kí oòrùn má bó ọ, èyí tí wọ́n bá ní kò ní pa iyùn lára. Máa kí àwọn àgbà ibẹ̀ dáadáa, má jẹ́ kí wọ́n rò pé London ló bí ọ. Tí o bá sì rí ẹni bí ẹni níbẹ̀, mi ò bá ọ wí, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tó lè sọ pé ibí ń dùn mí.

Ní ti àgbà, ó ku ohun kan. Ọ̀gá tó máa kọ́ ọ níbẹ̀, tí o ní gbogbo èèyàn ń pè ní Mzee nítorí pé bí wọ́n ṣe ń pe àgbà nìyẹn lọ́dọ̀ wọn, òun ló ń já mi láyà jù. Tí o kò bá lè sọ fún òyìnbó ní Woolwich pé imú ń dùn ọ́, báwo lo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá Áfíríkà tó ní ewú lórí? Orúnkún rẹ á fẹ́ kúnlẹ̀ fún un nínú omi. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ Túsìdeè pé kí o jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. O pè é fún mi, o sì lọ sí Woolwich lọ ra bàtà.

O ò mọ ohun tí a sọ. Mo gbé fóònù náà, mo fẹ́ gun òkè lọ sí yàrá kí n lè ráyè sọ tọkàn mi. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó má gbà ọ́ gbọ́ tí o bá ní kò sí nǹkan, pé ọmọ mi máa ń pa ìrora mọ́ra. Ó gbọ́ mi tán. Ohùn rẹ̀ tutù.

Ó ní, "Mama, and you, how are you?"

Mo ní, "I'm strong, sir."

Ó ní èémí àwọn èèyàn ni òun fi ń jẹun, pé òun ń gbọ́ tèmi láti ìgbà tí mo ti gbé fóònù, pé ó dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè. Ó ní ṣé mo gun òkè ni. Mo ní mo wà lórí ìjókòó. Òótọ́ ni mo sọ. Ibi tí mo jókòó sí ni mi ò sọ. Mi ò tíì lè gun àtẹ̀gùn tó kù.

Mofẹ́, èmi tí mò ń bẹ bàbá kan pé kí ó má jẹ́ kí ọmọ mi purọ́ fún òun, mò ń purọ́ fún un.

Nítorí náà, bó ṣe rí rèé. Ó ti tó oṣù díẹ̀ tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń dúró létí omi Southmere, màá ṣe bí ẹni ń wo pẹ́pẹ́yẹ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn lára pẹ́pẹ́yẹ. Èémí ni mò ń wá. Ẹsẹ̀ mi ń wú nírọ̀lẹ́, bàtà tí mo ní ó ti há jù, tí mo fún ọ, bàtà kọ́ ló há. Ọjọ́ kejì tí mo bá Mzee sọ̀rọ̀, mo pe àwọn dókítà títí wọ́n fi fún mi láyè. Ọmọbìnrin kékeré kan ni dókítà náà, kò jù ọ́ lọ. Ó bi mí pé báwo ni, "I'm strong" sì ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "I can't breathe well." Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí mi láyà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n máa yẹ ọkàn mi wò ní ilé ìwòsàn. Kò ì tíì sí ẹni tó sọ pé ó burú. Kò sì tíì sí ẹni tó sọ pé kò burú.

Mo sọ fún Daddy rẹ lánàá. Ó jókòó, ó wá dìde lọ fọ gbogbo abọ́ tó wà ní kíṣìnnì. O mọ̀ pé kì í fọ abọ́. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá mi lọ.

Ǹ bá ti sọ èyí fún ọ lójúkojú kí o tó lọ. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sábẹ́ gàrí ni, torí ká ní o gbọ́ ọ ní Thamesmead, o ò ní wọ bàálù. Mo tún rò ó pé kí n má kọ ọ́ rárá, kí n jẹ́ kí ìmọ̀ràn mi parí sórí ìpara oòrùn. Ṣùgbọ́n ojú wo ni màá fi sọ fún ọ pé kí o sọ ibi tó ń dùn ọ́?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ báyìí. O ti gbé fóònù, o ti ń wá bàálù tó ń bọ̀. Gbé e sílẹ̀ ná. Má wá. Daddy rẹ wà níbí, àwọn dókítà wà níbí, ìwọ ò sì mọ nǹkan kan nípa ọkàn ju bí o ṣe máa dì mọ́ mi lọ. Mo fẹ́ ìyẹn, mi ò ní purọ́, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n tí o bá tìtorí ìwé yìí padà wálé, ohun tí wàá kọ́ mi ni pé ọjọ́ tí mo bá sọ òótọ́ nípa ara mi, ọmọ mi ló máa pàdánù. Mo mọ ara mi. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Màá máa wo pẹ́pẹ́yẹ lọ títí wọ́n á fi wá gbé mi níbẹ̀.

Dúró síbẹ̀, kí o ṣe iṣẹ́ rẹ. Pè mí lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí o bi mí pé báwo ni ara mi, kí o sì ní sùúrù láti gbọ́ ìdáhùn, torí ó lè gùn díẹ̀. Èmi náà á wá bi ọ́ léèrè tìrẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ara rẹ̀ kò le, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ní kí o wọ omi náà.